Àwọn Èrò Inú Ọ̀rá Tí O Fi Ránṣẹ́ Sí Mi

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, èyí àbígbẹ̀yìn tí eyín rẹ̀ ń yọ ńkọ́, ṣé ó ti yéé gé ènìyàn jẹ? Ọlọ́run tó ṣọ́ ọ di òní kò ní sinmi lórí ọ̀rọ̀ rẹ. Àtẹ̀gùn tí o ń gùn lọ síbi iṣẹ́ kò ní yẹ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ọ̀gá rẹ kò ní rí àṣìṣe rẹ, bí ó bá sì fẹ́ rí i, gíláàsì ojú rẹ̀ yóò sọnù lọ́jọ́ náà, kò sì ní rí i títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Àmín. Àwa náà wà níbí, a ń dúpẹ́. Orúnkún ìyá rẹ ti ń sàn, ewúrẹ́ dúdú bí méjì, òrùlé ilé ìdáná ṣì ń jò níbi tó ti ń jò nígbà tí o wá, kò tíì wá ibòmíràn lọ.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi jókòó ti bébà yìí, ọ̀rọ̀ ọ̀rá kékeré tí o fi rán awakọ̀ sí mi ni. Ó gbé e dé lọ́jọ́ Ẹtì, ó ní o kìlọ̀ fún òun kí òun má gbé e sí ibi tí oòrùn ti lè pa á, nítorí pé ẹlẹ́mìí ni àwọn tó wà nínú rẹ̀. Mo ní àwọn wo? Ó ní òun kò mọ̀, pé láti ọjọ́ tí òun ti ń wakọ̀, òun kò gbé èrò tó dákẹ́ báyìí rí. Ó rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. O mọ̀ mí. O mọ̀ pé ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣọ́ ẹnu géètì ilé ìkẹ́rùsí kí n tó fẹ̀yìn tì wá sí oko, pé kò sí àpò tó wọlé tí n kò tú wò, kò sí àpò tó jáde tí n kò tún tú wò, àti pé ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, n kò sùn lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Mo máa ń di ojú díẹ̀ láti ronú, ṣùgbọ́n ìyẹn yàtọ̀ sí oorun. Nítorí náà, bí wọ́n bá sọ fún mi pé ohun ẹlẹ́mìí wà nínú ọ̀rá, tí mo sì ṣí ọ̀rá náà tí n kò rí nǹkan kan níbẹ̀ bí kò ṣe lẹ́búlẹ́bú tó jọ eérú ìdí ààrò, inú mi gbọ́dọ̀ fu. Mo sọ ọ́ lójú awakọ̀ àti lójú ìyá rẹ pé eérú ni èyí. Mo wá kọ ọ́ sínú ìwé mi báyìí pé: Ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́wàá ku díẹ̀, ọ̀rá kan, láti ọ̀dọ̀ àkọ́bí mi, ẹrù inú rẹ̀, wọ́n ní ẹlẹ́mìí ni wọ́n, a kò rí wọn.

Mo ka lẹ́tà tí o fi tì í lẹ́ẹ̀mẹ́rin. O ní àrùn tó ń pa tòmátì wa láti ọdún méjì yìí, olú ni, olú tín-ín-tín tó ń gba inú ilẹ̀ wọ gbòǹgbò, tó ń dí ọ̀nà omi, tí ewé fi ń pọ́n tí igi rẹ̀ fi ń rọ. Ìyẹn yé mi, mo ti fi ojú mi rí i. O wá ní àwọn tó wà nínú ọ̀rá náà, olú ni àwọn náà, ẹbí kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n olú rere ni wọ́n, pé kí n pò wọ́n mọ́ omi tútù, kí n ri gbòǹgbò ọmọ tòmátì bọ̀ ọ́ kí n tó gbìn wọ́n sóko, àti pé olú rere yóò máa jẹ olú burúkú. Ọmọ mi, ibi tí mo kà á dé nìyẹn tí mo fi gbé bébà kalẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń jí ọṣẹ ní ilé ìkẹ́rùsí, ọ̀gá àgbà gba àbúrò olè síṣẹ́ pé kó máa bá wa ṣọ́ olè, ó ní àwọn méjèèjì kì í ṣe bákan náà. Nígbà tó máa fi di ọ̀sẹ̀ kejì, àtọṣẹ àtàbúrò la ń wá.

Iye wọn tún ni ohun kejì. Wọ́n kọ ọ́ sára ọ̀rá pé nínú ṣíbí kan ṣoṣo, ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù ló wà níbẹ̀. Ta ló kà wọ́n? Èmi tí mo máa ń ka páálí ọṣẹ, páálí tó tóbi, tó dúró sójú kan, tí kì í sá, mo máa ń ṣì í kà, n ó tún padà bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan wá jókòó ní ìlú ńlá, ó ka ohun tí ojú kò rí, kò ṣì í, kò padà bẹ̀rẹ̀, ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù géérégé, ẹyọ kan kò lé, ẹyọ kan kò dín. Bí o bá mọ ẹni náà níbi iṣẹ́ yín, má fi àpamọ́wọ́ rẹ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n tún kọ ọjọ́ tí wọn yóò kú sí i lára, toṣù-tọdún. Èmi tí mo ti dàgbà tó yìí, n kò mọ ọjọ́ tèmi, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ ọ́ sí mi lára.

Ó yẹ kí n sọ ìdí tí inú fi ń fu mí tó báyìí, kí o má baà rò pé bàbá rẹ ti ń ṣarán. Rántí bébà tí èmi àti ìwọ jọ buwọ́ lù nígbà tí o wá sílé lẹ́yìn tí tòmátì ọdún tó kọjá kú tán. O sunkún, ìyá rẹ náà sunkún, o ní àgbàlagbà méjì kò gbọdọ̀ máa fi ẹ̀yìn ríro gbin ohun tí yóò kú, pé bí ti ọdún yìí bá tún kú, kí a ta ilẹ̀ náà kí a sì wá máa gbé lọ́dọ̀ rẹ. Mo buwọ́ lù ú nítorí pé ẹkún yín pọ̀, etí mi kò gbà á mọ́. Láti ìgbà náà ni o ti ṣe yàrá wa sílẹ̀, o kùn ún, o sì fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́, bẹ́ẹ̀dì kan, fèrèsé kan, fèrèsé náà sì dojú kọ ògiri ẹlòmíràn. Ó mọ́ tónítóní, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo àwòrán náà, àyà mi já. Kí ni n ó máa ṣe níbẹ̀ láti àárọ̀? Ṣé ògiri ni n ó máa ṣọ́ ni? Ìlà tòmátì mẹ́jọ tó wà lẹ́yìn ilé yìí ni mo fi ń mọ ìdí tí mo fi jí. Wàyí o, ọmọ tó ń wá ọ̀nà tí yóò fi mú bàbá rẹ̀ lọ sí ìlú bí oko bá kú, ọmọ yẹn náà ló tún fi olú ránṣẹ́ sí oko ọ̀hún. Jọ̀wọ́, ìwọ náà rò ó wò bí ẹni pé o jókòó sẹ́nu géètì.

N kò kàn bínú lásán o, mo ṣe ìwádìí. Mo mú tòmátì kan tó ti bu, tó ti hu irun funfun lára, mo là á sí méjì, mo gbé ìlàjì kan sínú àwo, mo bu lẹ́búlẹ́bú rẹ wọ́n ọn lórí, mo fi ìgò ńlá tí a lè rí inú rẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀, mo gbé e sórí pẹpẹ ilé ìdáná, mo sì sọ fún gbogbo ará ilé, ìyẹn ìyá rẹ, pé kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Àràárọ̀ ni mo ń lọ bẹ̀ ẹ́ wò. Ọjọ́ kìíní, kò sí nǹkan. Ọjọ́ kejì, kò sí nǹkan. Ọjọ́ kẹta, irun funfun ń dín kù, mo rò pé ojú mi ni. Lọ́jọ́ karùn-ún, kò sí irun funfun mọ́, gbogbo ojú tòmátì náà ti di àwọ̀ ewé, ó hu irun mìíràn tó rí bíi kápẹ́ẹ̀tì inú ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà. Mo pariwo. Mo ní ọwọ́ ti bà wọ́n, ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe oko mi nìyí!

Olùkọ́ àgbẹ̀, ọkùnrin orí alùpùpù tí wọ́n máa ń rán wá láti ọ́fíìsì ọ̀gbìn, bá wa nílé lọ́jọ́ náà. Mo gbé ìgò náà fún un kó lè jẹ́rìí mi. Ọmọ mi, inú rẹ̀ dùn. Ènìyàn rí irun lára tòmátì, ó ń pàtẹ́wọ́. Ó ní funfun yẹn ni burúkú, aláwọ̀ ewé yìí ni rere, pé rere ti jẹ burúkú tán. Mo ní ta ni yóò wá jẹ aláwọ̀ ewé? Ó ní kò sídìí tí ẹnikẹ́ni fi ní láti jẹ ẹ́. Mo ní nígbà tó bá wá jẹ funfun tán tí ebi ń pa á ńkọ́? Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ní ohun tí mo gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé wọn kì í wo igi tó ti dùbúlẹ̀ sàn, wọ́n gbọ́dọ̀ ti dé ìdí gbòǹgbò kí àrùn tó dé, kí wọ́n lè dúró sẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n má jẹ́ kó wọlé, àti pé kí n má fi oògùn tí mo máa ń fín pa olú pò mọ́ wọn, nítorí yóò pa àwọn náà. N kò fetí sí ìyẹn dáadáa, inú ń bí mi. Lójú mi, bí oògùn tó ń pa olú bá ń pa àwọn náà, a jẹ́ pé oògùn náà mọ ẹni tí wọ́n jẹ́.

Mo tì wọ́n mọ́lé. Mo fi òwú pupa di ẹnu ọ̀rá náà, mo so ó ní kókó ẹ̀ṣọ́ tí a máa ń so sẹ́nu àpò nílé ìkẹ́rùsí, mo gbé e sínú àpótí irin tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, níbi tó tutù, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo fìyà jẹ ẹlẹ́mìí, mo ti àpótí pa, mo sì fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kọ́ ọrùn. Alọ́wọ́ òsì ni mí, o mọ̀, kókó tèmi máa ń dorí kọ òsì, kò sí ẹni tó lè so irú rẹ̀. Láràárọ̀ ni mo ń gbé ọ̀rá náà jáde, mo ń gbé e lọ́wọ́ kí n mọ̀ bó ṣe wúwo, mo ń wo òwú, mo ń dá a padà, mo sì ń kọ ọ́ sínú ìwé pé: Ó pé.

Ìyá rẹ kò sọ nǹkan kan sí gbogbo èyí. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Jẹ́ kí n ka ohun tó wà nínú ìwé mi fún ọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìyá gbé fóònù lọ sábẹ́ igi tí fóònù ti máa ń gbọ́ràn, ó rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀mẹ́ta, nígbà tí mo dé ibẹ̀ ó ní ẹni náà ṣi nọ́ńbà pè ni. Ta ní í rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀mẹ́ta pẹ̀lú ẹni tó ṣi nọ́ńbà pè? Ọjọ́rú, ó béèrè abọ́ àtijọ́ tó ti fọ́ létí, kò sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ọjọ́bọ̀, ó ti ọjà dé pẹ̀lú báàgì tuntun, báàgì tó ní táyà. Ẹni tí kò rìnnà kò nílò táyà. Èmi mọ̀ pé ìwọ àti ìyá rẹ ti parí ọ̀rọ̀ náà láàárín ara yín, pé ó ti ń di ẹrù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, pé èmi nìkan ló kù tí n kò mọ ọjọ́ ìrìnàjò mi. Ní ti fóònù yẹn, mo ti sọ fún ọ pé n kò gbà á gbọ́. Ohun tó lè gbọ́ ohùn rẹ láti ọ̀nà jíjìn tó bẹ́ẹ̀ kò ní ṣaláìgbọ́ tiwa bó bá wà lórí tábìlì tí a ti ń jẹun, ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi fìlà bò ó.

Nítorí náà mo fẹ́ kí o dá mi lóhùn, kì í ṣe lórí fóònù o, nínú lẹ́tà ni, kí o sì buwọ́ lù ú. Ṣé o fi nǹkan yìí ránṣẹ́ kí tòmátì mi lè yè ni, àbí kí ó lè kú? Bàbá rẹ ni mí, mo lè gba èyíkéyìí nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ èyí tó jẹ́. Lọ́la la ó gbin tòmátì sóko. Láìsí èrò inú ọ̀rá kankan.

Ọmọ mi, lẹ́tà yìí kò tíì kúrò nílé. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ awakọ̀ wa ló kọṣẹ́, ó ní wọ́n ń bá òun wá ohun tí wọn yóò fi pààrọ̀ rẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ gbáko ló fi dá iṣẹ́ dúró. N kò fẹ́ fi bébà ṣòfò, nítorí náà n ó máa bá a lọ níbí, ìwọ ṣáà rántí pé ẹni tó kọ ti òkè yẹn kò tíì mọ ohun tí ẹni tó ń kọ èyí mọ̀.

A gbin tòmátì náà ní ọjọ́ kejì tí mo kọ ti òkè yẹn. Ìlà mẹ́jọ. Ìyá rẹ ní kí n gba méjì tó jìnnà sílé jù, nítorí pé èmi ni mo lágbára, òun yóò gbin mẹ́fà tó wà nítòsí nítorí orúnkún rẹ̀. Ó wú mi lórí tó ní mo lágbára, n kò wádìí rẹ̀ síwájú. Ó kó àwọn ọmọ tòmátì tirẹ̀ sínú abọ́ àtijọ́ tó ti fọ́ létí, ó bu omi sí i, ó ní kí òùngbẹ má baà gbẹ wọ́n. Mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo wo inú abọ́ náà, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé pé: Omi dọ̀tí. Mo kọ ọ́ fúnra mi. Ìlà méjì tèmi, mo gbìn wọ́n bí mo ṣe máa ń gbìn wọ́n, mo fín oògùn mi, mo dúró ti ibẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà súnmọ́ ọn.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, àrùn náà dé. Oko Kò-sí-wàhálà, aládùúgbò wa, ló kọ́kọ́ wọ̀, o mọ̀ ọ́n, ọkùnrin tó jẹ́ pé ohun gbogbo ni kò sí wàhálà lẹ́nu rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan gbogbo tòmátì rẹ̀ ti sùn lọ. Mo bá a lórí korobá tó dojú dé láàárín oko, kò sọ pé kò sí wàhálà. Mo jókòó tì í, àánú rẹ̀ ṣe mí, ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún ọ, oko tèmi ni mo ń rò. Ní ọjọ́ kẹta, ewé ìlà mi méjèèjì pọ́n láti ìsàlẹ̀. Ní ọjọ́ kẹfà wọ́n dùbúlẹ̀. Mo fa ọ̀kan tu, mo fi ọ̀bẹ là á, inú rẹ̀ ti dúdú bí ìdí ìkòkò tó ti jóná. Mo jókòó sórí ilẹ̀ níbẹ̀, mo ń rí fèrèsé yẹn, mo ń rí ògiri ẹlòmíràn. Mo wá ń retí kí mẹ́fà tó kù kú. Láràárọ̀ ni mo ń jáde, n ó ka ìlà, mẹ́fà. Lọ́jọ́ kejì, mẹ́fà. Ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mẹ́fà ṣì dúró, ewé wọn dúdú minimini, wọ́n so, èso wọn sì ti ń pọ́n báyìí.

Ẹlòmíràn ìbá jó. Èmi, inú mi fu ni. Ilẹ̀ kan náà, òjò kan náà, irúgbìn kan náà, kí ló dé tó jẹ́ ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi gbìn, tí mo fi ojú ara mi ṣọ́, ni olè wọ̀? Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ nílé ìkẹ́rùsí, ohun tí a ti tì pa la máa ń kọ́kọ́ lọ wò. Mo wọ yàrá, mo fa àpótí irin jáde. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn mi. Àgádágodo wà ní títì. Òwú pupa wà ní síso. Ọ̀rá wúwo bó ṣe yẹ kó wúwo. Mo wá gbé e lọ sójú fèrèsé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, mo wo kókó náà dáadáa. Ọmọ mi, ó dorí kọ ọ̀tún.

Mo tú u. Eérú ni. Eérú ìdí ààrò ilé wa, èédú kékeré kan tiẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni mo fi ń gbé eérú jáde láràárọ̀, tí mo ń gbé e wò lọ́wọ́, tí mo ń wò ó pé òwú wà níbẹ̀, tí n kò wo ibi tí kókó dorí kọ, tí mo ń kọ ọ́ sínú ìwé pé ó pé.

Ìyá rẹ jókòó lórí àpótí ìdáná, ó ń rán bọ́tìnì mọ́ ẹ̀wù mi. Mo na ọ̀rá náà sí i. Kò tiẹ̀ gbé orí sókè. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ìwọ lo pe òun lábẹ́ igi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, o sọ bí òun yóò ṣe pò ó fún òun, o sì kìlọ̀ pé bí mo bá bi òun léèrè, òun kò gbọdọ̀ purọ́. Ó ní òun ń retí kí n bi òun. N kò bi òun, inú ìwé ni mo ń kọ ọ́ sí. Mo ní báwo ló ṣe rí kọ́kọ́rọ́ gbà lọ́rùn mi? Ó ní ọ̀sán Ọjọ́rú ni, lórí àga ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ní n kò sùn lórí àga ọ̀dẹ̀dẹ̀ rí. Ó ní òun mọ̀, pé mo ń ronú ni, àti pé ìrònú náà pariwo débi pé ewúrẹ́ dúdú dìde kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ní kí ló dé tó fi jẹ́ eérú? Ó ní èmi náà ni mo sọ lójú awakọ̀ pé eérú ni, òun kò sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi di irọ́.

Mo wá béèrè ọ̀rọ̀ báàgì. Ohùn mi kò le mọ́, n kò ní tàn ọ́. Ó gbé e wá, ó ṣí i, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó ní tòmátì tó bá kọ́kọ́ pọ́n ni òun fẹ́ kó sí i wá fún ọ, orúnkún òun kò gba ẹrù lórí mọ́, ìdí nìyẹn tí òun fi ra èyí tó ní táyà, òun yóò lo ọjọ́ mẹ́ta lọ́dọ̀ àwọn ọmọ, òun yóò sì padà wá. Mo ní ṣé kò fẹ́ máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ni? Ó já òwú náà pẹ̀lú eyín. Ó ní bí òun bá jẹ́ kí n kó lọ sí ìlú ńlá níbi tí kò ti sí oko tí kò ti sí géètì, òun nìkan ni yóò kù tí n ó máa tú àpò rẹ̀ wò láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, òun kò lè gbà á. Ó gbé ẹ̀wù náà lé mi lọ́wọ́. Ó ní òun rí ojú mi lọ́jọ́ tí mo wo àwòrán yàrá yẹn.

Ojú tì mí, ọmọ mi. Inú mi sì dùn débi pé mo bọ́ síta, mo lọ dúró sẹ́yìn ilé kí ó má baà rí i. Mo fura sí ọ, mo fura sí ìyá rẹ, mo fura sí olùkọ́ àgbẹ̀ tó ń pàtẹ́wọ́, mo fura sí ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù ẹlẹ́mìí nínú ṣíbí kan. Ẹnì kan ṣoṣo tí n kò tú àpò rẹ̀ wò ni èmi fúnra mi. Má bínú. Ṣùgbọ́n ìwọ náà jẹ̀bi díẹ̀. O kọ ọ́ pé olú ni wọ́n, o kọ ọ́ pé ẹlẹ́mìí ni wọ́n, o kọ mílíọ̀nù. Ìgbà tí mo dúró lẹ́yìn ilé yẹn ni ohun tí olùkọ́ àgbẹ̀ sọ tó wọ̀ mí létí, pé wọ́n máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà gbòǹgbò tí wọn kì í jẹ́ kí olè wọlé. Ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n! Bí o bá ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ǹ bá ti fún wọn ní àga. Èyí kò túmọ̀ sí pé mo ti gba ohun gbogbo gbọ́ o. Mo ṣì fẹ́ mọ orúkọ ẹni tó kà wọ́n.

Ohun tí mo fẹ́ báyìí kò pọ̀. Fi ọ̀rá méjì sí i ránṣẹ́, kí o kọ orúkọ ìyá rẹ sí wọn lára, kì í ṣe tèmi. Ọ̀kan jẹ́ ti Kò-sí-wàhálà, òun náà ní ìyàwó, òun náà ní ilẹ̀, kò sì sí ọmọ tó ń kọ lẹ́tà sí i. Fi owó díẹ̀ tì í kí n fi ra àgádágodo tuntun, èyí tí kò ṣeé ṣí bí ènìyàn bá ń ronú. Má fi owó náà sínú fóònù, nítorí bátìrì ìyá rẹ kì í pẹ́ kú, n kò sì mọ ibi tí owó yóò dúró sí nígbà náà. Bébà tí a jọ buwọ́ lù, fà á ya. Ìlà mẹ́fà kì í ṣe mẹ́jọ, ṣùgbọ́n wọn kò kú, àdéhùn ni àdéhùn. Yàrá tí o kùn yẹn, jẹ́ kí àwọn ọmọ máa ṣeré níbẹ̀.

Ọlọ́run yóò fi ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ tì ọ́, èyí tí o rí àti èyí tí o kò rí. Ohun tí o bá tì pa kò ní di eérú mọ́ ọ lọ́wọ́. Àrùn tó ń wá ẹnu ọ̀nà ilé rẹ yóò bá ẹni tó dúró níbẹ̀. Ìwọ náà yóò dàgbà, ọmọ yóò tọ́jú rẹ láìjẹ́ kí o mọ̀. Àmín.

Mo ti fẹ́ lẹ lẹ́tà yìí pa, ṣùgbọ́n ohun kan kù tí n kò ní fẹ́ kí ìyá rẹ gbọ́. Láàárọ̀ yìí, mo lọ dúró níwájú ìlà mẹ́fà wọ̀nyẹn. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, kò sí ẹnikẹ́ni. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sídìí tòmátì àkọ́kọ́, mo ní ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Wọn kò dáhùn. N kò bínú sí wọn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n di ojú díẹ̀ láti ronú.

Èmi ni bàbá rẹ.